Ẹjọ́ Tá À Ń Rò Nínú Kòròpé, Ẹ Jẹ́ Ká Gbé E Dé Ibi Tówó Wà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ọmọ Òrokí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń gbé Òṣogbo jẹun. Láti ìgbà tá a ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lójú ìwé yìí ni lẹ́tà ò ti dáwọ́ dúró, àwọn kan fi fóònù tẹ tiwọn ránṣẹ́, àwọn kan ní kí ọmọ bá àwọn kọ ọ́. Mẹ́rin ni mo mú. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí tá a bá rí ti ìyá yìí yanjú, èyí tó kù á rọrùn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ẹ̀fọ́ ni mò ń tà ní ọjà Ìgbóǹnà, ilé mi wà lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ọ̀dà parí sí. Kòròpé kì í wọ àdúgbò wa, jọ́ńṣọ̀n ni wọ́n máa ń já wa sí, wọ́n ní títì náà máa já abẹ́ mọ́tò àwọn, ká tó délé ó di ọ̀kadà, ọ̀kadà yẹn nìkan N300, tó bá sì ti ń di aago méje àbọ̀ alẹ́ wọ́n á ní N500 tàbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde, èmi ń sanwó, ẹrù mi náà ń sanwó, kí n tó ta ẹ̀fọ́ tán èrè ti bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́kadà. Àwa obìnrin àdúgbò ń sọ ọ́ láàárín ara wa lójoojúmọ́, a lọ bá alága àwọn láńlọ́ọ̀dù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe tàwọn, ká lọ bá kánsẹ́lọ̀, kánsẹ́lọ̀ ní owó ò sí. Ta ló kàn ká lọ bá? Báwo la ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tá ò mọ̀wé, tá ò sì lẹ́nìkan lókè? — Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti dúró ní irú jọ́ńṣọ̀n yẹn rí, mo mọ bí ọrùn ṣe ń rí fún ẹni tó gbé ẹrù lé orí tó ń retí ọkọ̀ tí ò bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó lẹ́jọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú àfikún ẹ̀ kẹrin níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí, dárúkọ gárèjì mọ́ ọjà, ó tún dárúkọ títì àdúgbò, iná títì àti gọ́tà. Ìyẹn ni pé títì tí kòròpé ń sá fún yẹn àti jọ́ńṣọ̀n tó ṣókùnkùn biribiri yẹn, ti lókà ni, kánsẹ́lọ̀ ò lè tì í sí ẹlòmíì lọ́rùn. Ẹ tún wá wo bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, sẹ́kítéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo wà ní Òkè-Baálẹ̀ yín níbẹ̀, ti Ọlọ́ruńdá wà ní Ìgbóǹnà tẹ́ ẹ ti ń tajà, kò sí èyí tó jìnnà sẹ́sẹ̀ yín nínú méjèèjì.

Bọ́ọ̀sì rírà àti owó ńlá, ìyẹn ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Gómìnà ló ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí ọdún tó parí, àmọ́ kó tó débẹ̀ ministri kọ̀ọ̀kan ti kó tiẹ̀ jọ tipẹ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lẹ́tà dé lóṣù kejìlá, wọ́n ti pín ẹran tán. Kí oṣù kẹsàn-án tó jáde ni kí lẹ́tà yín ti wà lórí tábìlì wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn pé nígbà tí kánsẹ́lọ̀ bá ní owó ò sí, ohun tó ń sọ ni pé títì yín ò sí nínú ìwé, ohun tí ò sí nínú ìwé kò lè lówó láéláé. Ẹ bi í pé kí ló wà nínú ìwé fún wọ́ọ̀dù wa lọ́dún tó kọjá? Ṣé wọ́n ṣe é? Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, mo mọ̀ pé wàhálà owó lókà ti pọ̀ ní Ọ̀ṣun láti ìgbà náà, àmọ́ wàhálà tiwọn nìyẹn, ẹ̀yin ẹ ṣáà jẹ́ kí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wà lákọsílẹ̀ kí owó tó dé.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú èyí tọ́mọ ń mú lọ síléèwé. Ẹ wá ọmọ kan ládùúgbò tó wà ní SS, kó máa kọ ọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba jọ́ńṣọ̀n yẹn kọjá, ẹ máa sọ fún un: aago mélòó ni mo dé jọ́ńṣọ̀n, aago mélòó ni mo rọ́kọ̀, èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, èló ni wọ́n gbà lórí ẹrù, ọkọ̀ mélòó ló kọ̀ mí. Kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ má rò pé mo kàn ń fẹnu sọ ọ́ o. Ládùúgbò tèmi níbí a ṣe é, gbogbo wa ti gbà pé alẹ́ ló ń pa wá lára jù, ohun tá à ń pariwo ẹ̀ nìyẹn ní gbogbo mítìǹ, nígbà tá a máa kà á jáde nínú ìwé, àárọ̀ Mọ́ńdé ni, àwọn ọmọ iléèwé ń dúró ju àgbàlagbà lọ torí dẹ́rẹ́bà ò fẹ́ gbé ọmọ tó máa san ìdajì owó. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú mítìǹ, torí àwọn ọmọ kì í wá sí mítìǹ. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé àwa tá à ń pe ara wa lágbà àdúgbò, a ò mọ ohun tó ń jẹ ọmọ wa níyà.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá dìídì béèrè nǹkan tó ṣeé fojú rí. Ẹ má kọ ọ́ pé "kí ìjọba bá wa wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀", wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, ó parí. Ẹ kọ ọ́ pé kí giréédà bá yín tẹ́ títì láti jọ́ńṣọ̀n wọlé, kí wọ́n da yangí sí i, kí iná wà ní jọ́ńṣọ̀n, kí kòròpé mẹ́ta péré máa dúró níbẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ rárá, ẹ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ní gárèjì, ẹ bi wọ́n pé tí títì bá dáa ṣé ẹ ó máa wọlé? Tí wọ́n bá ní àwọn ó wọlé, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà mọ́ yín. Lẹ́tà tí èrò àti dẹ́rẹ́bà jọ fọwọ́ sí wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á. Alága láńlọ́ọ̀dù yẹn náà, ẹ padà lọ bá a, ẹ má bá a jà, ẹ ní ilé tí ọkọ̀ ń dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni wọ́n ń fi owó gidi rẹ́ǹtì, ẹ̀yin náà á rí i bó ṣe máa wá fọwọ́ sí i.

Tẹ́ ẹ bá gbé lẹ́tà lọ, kọ́pì méjì ni kẹ́ ẹ gbé. Ọ́fíìsì kan wà tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ pé àwọn ò rí lẹ́tà wa, èyí tí èmi fúnra mi gbé lé wọn lọ́wọ́. Nígbà kẹrin a ní kí wọ́n lu sítáǹbù sí kọ́pì tiwa kí wọ́n kọ déètì sí i, láti ọjọ́ yẹn lẹ́tà ò sọnù mọ́. Wọ́n da yangí sí títì wa, wọ́n ri òpó iná méjì. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé tá a béèrè, a ò tíì rí i, a ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ ní ẹ ò mọ̀wé. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2011 tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ẹ ò sì ní láti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí ò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíì bá òun béèrè, ó tiẹ̀ lè fẹnu sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn tẹ́lẹ̀ pé òfin yẹn ò kan àwọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti yanjú ìyẹn ní 2025, ó kàn wọ́n. Ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì wọ́ọ̀dù yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ní ti pé ẹ ò lẹ́nìkan lókè, àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta ò lẹ́nìkan lókè náà. Nígbà tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ìyá ọjà bíi tiyín, kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní á-bí-dí ni àwọn kan ti kọ́kọ́ pàdé. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá, wọ́n ní àwọn ò san owó orí mọ́ nígbà tí wọn ò jẹ́ káwọn dá sí bí wọ́n ṣe ń náwó ìlú, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n sùn níta ààfin, wọ́n kó wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, nígbà tó máa fi di oṣù kìíní 1949 Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ lé ọba kankan o! Mo kàn ń sọ pé àwọn ìyá ọjà ni.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ̀yin náà ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ẹ jẹ́ ká panu pọ̀ ká má wọ mọ́tò wọn fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ojú àwọn dẹ́rẹ́bà yìí á là. Ọ̀dájú ni wọ́n. Tí òjò bá ṣú báyìí owó ti lé, tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní oṣù kẹjọ owó á di ìlọ́po méjì. — Ọmọ Power Line

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú tó ń bí ẹ ò burú, ibi tó o dojú ẹ̀ kọ ni mi ò fara mọ́. Lọ jókòó ti dẹ́rẹ́bà kan bí mo ṣe jókòó ti ẹnìkan ní Old Garage, ní kó ṣírò rẹ̀ fún ẹ. Mọ́tò yẹn kì í ṣe tiẹ̀, háyápọ́ọ̀sì ni, ó ní iye tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ín bó rí èrò bí ò rí èrò, ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gárèjì láàárọ̀, ó ń ra epo. Ó yẹ kó o rántí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé sọ́bsídì epo ti lọ, epo tá à ń rà ní nǹkan bíi N190 di N500 lójú ẹsẹ̀, kí oṣù keje ọdún yẹn tó parí ó ti lé ní N600. Ta ló bá dẹ́rẹ́bà gbé èyí tó lé? Kò sẹ́nìkan. Ó gbé e fún ìwọ, ìwọ ń gbé e fún mọ̀lẹ́bí ẹ. Òun náà ló ń tún mọ́tò tí títì bàjẹ́ ṣe. Bó ṣe máa ń rí níyẹn níbi tí owó ìlú ò bá sí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, àpò èrò ni gbogbo ẹ̀ á ti jáde.

Wo Èkó ní 2008. Bọ́ọ̀sì BRT tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láti Mile 12 dé CMS, 22 kìlómítà ni ọ̀nà yẹn, owó ìlú ló la ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, tó kọ́ ibi tí èrò máa dúró sí. Kò sí dẹ́rẹ́bà kankan tó lè fi owó ara ẹ̀ la ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kí Òṣogbo ṣe bí Èkó o, ìlú wa ò tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ńlá ò sì lè yí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, àmọ́ òjò ti pa mí lábẹ́ bíríìjì Ọláìyá tí mo ń wá ibi dúró pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo sì ń rò ó pé wọ́n rówó gbé afárá sókè fún mọ́tò, ẹni tó ń fẹsẹ̀ dúró de mọ́tò ló yẹ kó kàn báyìí.

Ní ti ká má wọ mọ́tò. Wọ́n ti ṣe é rí, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní Montgomery ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú Rosa Parks lọ́jọ́ kìíní oṣù kejìlá 1955 torí ó kọ̀ láti dìde lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì fún aláwọ̀ funfun. Olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Jo Ann Robinson, kò sùn lóru yẹn, ó tẹ ìwé pélébé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ilẹ̀ mọ́ wọ́n pín in. Bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ọjọ́ 381 nìyẹn. Ọjọ́ 381 o! Báwo ni wọ́n ṣe ń dé ibi iṣẹ́? Àwọn onítákísì aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ ń gbé wọn ní sẹ́ǹtì 10, iye tí bọ́ọ̀sì ń gbà gan-an, nígbà tí ìjọba ìlú ní tákísì kankan ò gbọ́dọ̀ gbà tó dín sí sẹ́ǹtì 45, wọ́n kó mọ́tò ara wọn jọ, bíi 300, wọ́n yan ibi tí wọ́n á ti máa gbé èèyàn, wọ́n yan aago, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń dáwó epo. Àwọn tó ń wakọ̀ wà lẹ́yìn wọn, mọ́tò wà nílẹ̀, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà.

Ìwọ wá fẹ́ kí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ má wọ mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló fẹ́ fi gbé ẹ̀fọ́ dé Ìgbóǹnà? Tó o bá ní mọ́tò tàbí o mọ ẹni tó ní, tó o sì lè tò wọ́n sí jọ́ńṣọ̀n laago márùn-ún ìdájí, kọ̀wé sí mi padà. Bó bá jẹ́ agbára àti ìbínú lo ní, o wúlò gan-an fún wa, lọ máa ka iye ọkọ̀ àti owó wọn lásìkò ọdún Ọ̀ṣun. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, igi méjì ni mo fi ń rìn látìgbà tí mọ́tò ti gbá mi. Àwọn dẹ́rẹ́bà máa ń wò mí kọjá ni, torí mo máa pẹ́ kí n tó wọlé, tàbí wọ́n á ní kí n san owó èèyàn méjì nítorí igi mi. Ṣé òfin wà fún irú èyí? — Oníṣẹ́ bàtà, Alẹ́kúwodò

ÌDÁHÙN: Òfin wà, bọ̀dá mi. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019, ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn abirùn léèwọ̀, ó sì dárúkọ ọkọ̀ èrò nínú ẹ̀, ó ní kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ pèsè ohun tí á jẹ́ kí abirùn lè wọlé. Ọdún 5 ni wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ọdún 5 yẹn ti pé láti oṣù kìíní 2024. Òfin yẹn náà ló dá àjọ kan sílẹ̀ l'Ábùjá tó ń gba ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé òfin ò lè dá kòròpé dúró fún yín ní Alẹ́kúwodò lówùúrọ̀ ọ̀la. Ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ní gárèjì tẹ́ ẹ ti ń wọkọ̀, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà, alága gan-an, ẹ sọ ti owó èèyàn méjì yẹn fún un níṣojú àwọn tó kù. Ohun tí alága bá kà léèwọ̀ ní gárèjì, ọjọ́ kejì wọ́n ti ṣíwọ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa ka iye ọkọ̀ tó kọjá lára yín. Nígbà tá a ń kọ ìwé tiwa ládùúgbò, a ò béèrè lọ́wọ́ ẹyọ ẹnìkan tó ń fi igi rìn, bẹ́ẹ̀ méjì ló wà ní títì wa, lẹ́tà yín ló rán mi létí, ó sì dùn mí gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan ládùúgbò yín kọ lẹ́tà ọkọ̀ láìsí ẹ̀yin níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ni mí. Ṣé a ò lè béèrè kí rélùwéè máa gbé wa láàárín Ọ̀ṣun níbí? Ẹ̀ka ojú irin ṣáà wà nílẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè béèrè. Láti 1907 ni ojú irin ti dé Òṣogbo, ìlú wa ò bá má tóbi tó báyìí ká ní kò dé. Tẹ́lẹ̀ ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí rélùwéè, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe ní oṣù kẹta 2023, ìpínlẹ̀ náà ti lè ṣòfin lórí ẹ̀ báyìí. Owó ńlá ni o, ó máa pẹ́, kò sì ní kan àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ọ̀dà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ẹ mọ̀wé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbéèrè ohun tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ fún ọkọ̀ èrò lọ́dún yìí, ẹ lo òfin 2011 tí mo sọ lókè yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí èsì gbà, ẹ fi kọ́pì kan ránṣẹ́ sí mi, màá tẹ̀ ẹ́ síbí kí gbogbo èèyàn kà á.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ ní kí ọmọ tó bá yín kọ lẹ́tà yẹn fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Mọ́ńdé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, aago márùn-ún ìdájí, èmi ni màá mú ìwé àkọsílẹ̀ wá sí jọ́ńṣọ̀n yín. Bíírò méjì wà nínú báàgì mi.